Ẹni Tó Wà Létí Àwòrán

"Má tíì yà á sọ́tùn-ún, Oríyọmí! Igi wà lábẹ́ omi níbẹ̀!"

Oríyọmí ti rí igi náà kí ọ̀gá rẹ̀ tó pariwo. Ó rọra fa ọ̀pá ìtukọ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé, ọkọ̀ Ọ̀bọ̀kún sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí àgbọn tó yọ ṣóńṣó lójú omi. Orí òkè ni Oríyọmí wà, nínú yàrá gbígbẹ, pẹ̀lú súwẹ́tà lọ́rùn. Ọkọ̀ náà wà lọ́hùn-ún ní Obè-Ìrètí, níbi tí òkun ti ń jẹ ilé láti àárọ̀. Kò sí atukọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn mẹ́fà tó kó lórí òrùlé ilé ìwé nìkan ló wà níbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ẹni tó ń gbé wọn lọ.

"Báwo ni bátìrì?" Ọ̀gá béèrè.

"Ó ti wọ pupa, mà. Ṣùgbọ́n tí a bá gba ọ̀nà tààrà, yóò gbé wọn dé èbúté."

"Ọ̀nà tààrà náà ni kí o gbà nìyẹn."

Màmá Fẹ́yíntọlá ni olórí Ilé Ìṣọ́ Omi ní Òkè-Ìsádi, ìlú tí àwọn ará etíkun tẹ̀ dó nígbà tí òkun gba ilé bàbá wọn. Obìnrin gíga ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì jókòó bí òjò bá ń rọ̀. Yóò kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, yóò máa rìn lẹ́yìn àga àwọn atukọ̀ títí òjò yóò fi dá.

Ẹ̀rọ tó wà lókè àjà sọ̀rọ̀, ohùn obìnrin tí kò gbóná tí kò tutù: "Òkè-Ìsádi, nítorí ìjì, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ẹ fi ń gba àwòrán àti ohùn ti di ìdajì. Ẹ fi ṣe ohun tó bá ṣe kókó."

"Ìdajì báwo?" Oríyọmí ké. "Ìdajì náà kọ́ ni wọ́n fún wa láàárọ̀?"

"Ìdajì ìdajì ni wọ́n wá fún wa báyìí," Ọ̀gá wí. "Fi ohun tó wà ṣe é."

Àwòrán tó wà níwájú Oríyọmí fọ́ sí onígun mẹ́rin, mẹ́rin, bí ilẹ̀ tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú. Ọ̀bọ̀kún kò rí afẹ́fẹ́ tó mọ́ láti fi odindi àwòrán ránṣẹ́. Ìròyìn kúkúrú ló ń fi ránṣẹ́: ìgbì tó wà níbí ti sún sọ́hùn-ún, igi tó wà lọ́hùn-ún ti sún sọ́tùn-ún. Ẹ̀rọ inú yàrá a gba ìròyìn náà, a mú àwòrán tó ti rí tẹ́lẹ̀, a sì sún ohun inú rẹ̀ síbi tí wọ́n ní ó lọ. Bí nǹkan bá wà láàárín àwòrán, iṣẹ́ náà kò le. Etí ni wàhálà wà. Ohun tó ń ti ìta bọ̀, níbo ni ẹ̀rọ yóò ti sún un wá, nígbà tí kò sí nínú àwòrán tẹ́lẹ̀? Ẹ̀rọ àtijọ́ a kàn fa àwọ̀ etí gùn, bí ẹni tí ọ̀dà rẹ̀ kò tó tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ wọ́ ọ lọ. Èèyàn tó bá ti etí wọlé a dà bí omi lásán fún ìgbà díẹ̀, ìgbà díẹ̀ náà sì ti tó kí ọkọ̀ gorí rẹ̀.

Nítorí èyí ni Oríyọmí ṣe ṣe Etí Tuntun. Ohun tí ọkọ̀ bá rí fìrí nígbà tí ìgbì fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, Etí Tuntun kì í gbàgbé rẹ̀. Bó ṣe ń lọ nígbà tó jáde lójú, bí omi ṣe ń gbé e, ó mọ̀ ọ́n; ó sì mọ ibi tó yẹ kó wà báyìí. Yóò yà á síta etí àwòrán kó tó wọlé. Àròyà ni wọ́n ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ ló rò ó tó sì yà á. Òfin ní kí ìlà aró yí i ká nígbà gbogbo, kí ojú má baà ṣì í mú.

Ìlà aró hàn lápá òsì.

"Ọ̀gá mi," Oríyọmí wí, "ẹ wá wò ó."

Màmá Fẹ́yíntọlá wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Níta etí àwòrán gan-an, ìlà aró yí nǹkan kan ká. Ó gùn, ó tín-ín-rín, ó nà sókè nínú òjò, orí rẹ̀ sì pín bí ìka.

"Àròyà ni."

"Ọwọ́ èèyàn ni, mà."

"Àròyà ọwọ́ èèyàn."

"Ìgbì fi ọkọ̀ sósì lẹ́ẹ̀kan, ẹ rántí? Ó rí nǹkan nígbà yẹn. Bí ìṣẹ́jú akàn ni, òjò sì fọ́ ọ yángá, ṣùgbọ́n ó rí nǹkan. Kì í ṣe pé ó kàn ń lá àlá."

"Èmi ò ní ó ń lá àlá. Ìwọ ńkọ́, kí lo fi ojú ara rẹ rí?"

Oríyọmí tún wo ìlà aró náà.

"Mo ní kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, mà."

"Yí kámẹ́rà síbẹ̀."

"Ọrùn rẹ̀ ti kán láàárọ̀. Iwájú nìkan ló lè wò. Àfi tí mo bá yí odindi ọkọ̀."

 Ọ̀gá na ìka sí páànù pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ orí ẹ̀rọ gbogbo atukọ̀ nínú yàrá náà. Ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀ kò gùn: ÀRÒYÀ KÌ Í ṢE ẸLẸ́RÌÍ. ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ TORÍ RẸ̀ YÍ ỌKỌ̀ TÓ GBÉ ÈÈYÀN.

"Mo mọ òfin, mà."

"O mọ òfin, ṣùgbọ́n o ò sí níbí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Ìfófòó omi ni ẹ̀rọ yà bí ọmọdé lọ́jọ́ náà. Inú yàrá yìí ni mo wà. Atukọ̀ fi òrùlé tó kún fún èèyàn sílẹ̀, ó ń lé ìfófòó lọ. Nígbà tó fi máa padà, òrùlé ti lọ. Ta ló wà lórí òrùlé yẹn?"

Kò sí òṣìṣẹ́ Ilé Ìṣọ́ tí kò mọ ìdáhùn ìbéèrè náà.

"Àǹtí Fadérera, mà. Àbúrò yín."

"Àbúrò mi. Gba ọ̀nà tààrà."

Ọ̀bọ̀kún ń lọ. Bó ṣe ń lọ, àròyà náà ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ lápá òsì, gẹ́gẹ́ bí ohun tí ọkọ̀ ń fi sílẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Lápá ibẹ̀, omi ń wọ́ lọ sínú agbami. Ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀, kò ní pẹ́ kọjá ibi tí ọkọ̀ kankan lè tẹ̀lé e dé.

"Òfin gba ẹlẹ́rìí alààyè," Oríyọmí wí lójijì. "Ẹ jẹ́ n bi àwọn tó wà nínú ọkọ̀."

"Tí o bá ṣí ohùn, àwòrán á dúró. Afẹ́fẹ́ tó wà kò lè gbé méjèèjì."

"Mo mọ̀, mà. Gbangba la wà níbí, kò sígi. Kò ní pẹ́ rárá."

Ọ̀gá wò ó, ó sì wo ẹ̀rọ. "Yára."

Oríyọmí tẹ bọ́tìnnì. Àwòrán gan pa. Ariwo òjò kún yàrá náà, àti ohùn obìnrin kan tó ń kérora láti ìsàlẹ̀ ikùn.

"Ẹ̀yin inú Ọ̀bọ̀kún, ẹ kú ewu o. Èmi ni mò ń tukọ̀ yín láti Ilé Ìṣọ́. Ta ló wà níwájú ọkọ̀?"

"Èmi ni, mà!" Ohùn ọkùnrin ni, ó ti há. "Tìmẹ́hìn lorúkọ mi. Ẹ jọ̀wọ́, mà, ìyàwó mi ń rọbí. Omi rẹ̀ ti dà. Ìgbà wo la máa dé?"

"Ẹ ò ní pẹ́ dé, àwọn agbẹ̀bí ti wà ní èbúté. Ta ló tún wà níta pẹ̀lú yín?"

"Èmi nìkan ni. Abẹ́ ọ̀rá tí a ta ni gbogbo àwọn tó kù wà."

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ wo apá òsì yín, kí ẹ wò ó jìnnà. Ṣé ẹ rí ẹnìkan nínú omi?"

Òjò ló kọ́kọ́ dáhùn. Obìnrin náà kígbe orúkọ ọkọ rẹ̀, ó sì tún padà sí ìkérora.

"Ẹ̀gbọ́n Tìmẹ́hìn?"

"Mò ń wò ó, mà."

Ó tún dákẹ́. Bóyá ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ kí èèyàn fi wo omi lọ, bóyá kò pẹ́. Nígbà tí wọ́n wá bi Oríyọmí lẹ́yìn náà, kò lè sọ.

"Kò sí ẹnikẹ́ni, mà," ọkùnrin náà wí. "Ẹ máa gbé wa lọ."

Oríyọmí pa ohùn. Àwòrán padà bọ̀ ní wẹ́wẹ́. Omi ni, omi náà ló tún wà lẹ́yìn omi. Ṣùgbọ́n Etí Tuntun ṣì ń ṣiṣẹ́, ìlà aró náà sì ṣì wà lápá òsì. Ó ti lọ sílẹ̀. Ohun tó gùn bí apá tẹ́lẹ̀ kò ju ìka lọ mọ́.

"O ti gbọ́ ẹ̀rí," Ọ̀gá wí. "Ẹni tó wà níbẹ̀ ló sọ̀rọ̀."

"Mo gbọ́, mà."

"Ó dáa."

 Òfin ní kí Oríyọmí máa lọ, bátìrì ní kó máa lọ. Aboyún tó ń kérora yẹn náà ń sọ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tó fi ojú ara rẹ̀ wò ó sì ní kò sí nǹkan kan. Nínú gbogbo ayé, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ pé èèyàn wà níbẹ̀, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe nǹkan náà. Ó bi ara rẹ̀ léèrè ìbéèrè tó bà á lẹ́rù ju ìjì lọ: tó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn ni Etí Tuntun, ṣé òun á gbà á gbọ́ báyìí? Ṣé ẹni tó wà nínú omi ni òun fẹ́ gbà là, àbí iṣẹ́ ọwọ́ òun?

 Ìka tó wà nínú ìlà aró tún rì díẹ̀ sí i.

Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ ti ọ̀pá ìtukọ̀ sósì.

"Oríyọmí!"

"Ẹ foríjì mí, mà."

"Kí lò ń ṣe? Oríyọmí, kí lò ń ṣe yìí?"

Kọ́kọ́rọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga atukọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí olórí bá yọ ọ́, ọwọ́ atukọ̀ náà kúrò nínú ọkọ̀ nìyẹn, ẹlòmíràn ló máa gbà á. Màmá Fẹ́yíntọlá na ọwọ́ sí i, ó sì dì í mú. Àwọn atukọ̀ yòókù ti kúrò nídìí iṣẹ́ wọn, wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n Ọ̀bọ̀kún ti kọ ẹ̀gbẹ́ sí ìgbì. Bí ọwọ́ atukọ̀ bá kúrò lára rẹ̀ báyìí, kí ẹlòmíràn tó jókòó, omi á dojú rẹ̀ dé. Ọ̀gá di kọ́kọ́rọ́ náà mú, kò sì yọ ọ́.

"Tí kò bá sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè, "èmi fúnra mi ni màá fà ọ́ lọ síwájú Ìgbìmọ̀. Tí ohunkóhun bá sì ṣe aboyún yẹn, ìwọ àti Ọlọ́run."

Ọkọ̀ ń yí. Etí àwòrán ń gbá lórí omi bí ìgbálẹ̀. Mátírẹ́ẹ̀sì kan wọlé, ó kọjá. Òṣíbàtà wọlé, àti ilẹ̀kùn, àti ewúrẹ́ tó ti kú tí ikùn rẹ̀ wú. Lẹ́yìn wọn, kò sí nǹkan kan mọ́. Omi funfun gbalasa ló wà níbẹ̀, òjò ń gún un.

"Yí padà," Ọ̀gá wí.

"Ẹ jọ̀wọ́, mà. Ó kù díẹ̀."

"Mo ní kí o yí padà! Wo bátìrì!"

"Ó kù díẹ̀, mà, mo bẹ̀ yín."

Omijé ti bo ojú rẹ̀, kò sì ní ọwọ́ tó lè fi nù ún. Ó tún fa ọ̀pá náà sí i. Ìlà aró tí ó ti wà níta láti ìgbà yìí kan etí àwòrán, ó sì wọlé. Bó ṣe ń wọlé ni ìlà náà ń yọ́, nítorí pé ohun tí ojú ti rí kì í ṣe àròyà mọ́. Tánkì omi dúdú kan ló kọ́kọ́ hàn, ó dùbúlẹ̀ lójú omi. Ìyá arúgbó kan dojú bo orí rẹ̀. Ó ti fi gèlè rẹ̀ so ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kan mọ́ ẹnu tánkì náà, nítorí náà ni ọwọ́ yẹn ṣe ń nà sókè tó sì ń lọ sílẹ̀ bí omi bá ṣe ń yí tánkì. Kò ju ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni. Kò tún ní agbára bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Ó wà níbẹ̀," Ọ̀gá wí. Ó jọ pé ara rẹ̀ ló ń sọ fún. Ó jókòó sórí àga tó wà nítòsí, níṣojú gbogbo wọn, bí òjò ṣe ń rọ̀ lọ́wọ́.

Lójú ẹ̀rọ, wọ́n rí ọkùnrin kan tó kúnlẹ̀ ní iwájú ọkọ̀. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún un. Ó nà títí àyà rẹ̀ fi wọ omi, ó fi eyín tú gèlè náà, ó sì fa ìyá arúgbó náà wọlé sórí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó wo kámẹ́rà. Àwòrán ti fọ́ ju kí èèyàn lè mọ ohun tó wà lójú rẹ̀ lọ.

Bátìrì kú nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ rí èbúté, láàárín oko àgbọn tó ti rì.

Òkùnkùn bo àwòrán iwájú Oríyọmí, kò sì sí ohun tó lè ṣe mọ́ ju kí ó di etí tábìlì mú lọ. Wọ́n rán ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Èpìyà láti lọ fà wọ́n, ṣùgbọ́n òrùlé kan ló ń kó èèyàn kúrò lórí rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì lè fi wọ́n sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀bọ̀kún. Oríyọmí sáré sọ̀kalẹ̀ lórí òkè náà láìwọ bàtà. Nígbà tó dé èbúté, àwọn agbẹ̀bí ti wọ inú omi dé ìbàdí, wọ́n ń wo ọ̀nà. Ó gbọ́ ọkọ̀ kí ó tó rí i: àwọn inú rẹ̀ ti fi pákó àti ọwọ́ ń wa omi, ọkùnrin kan sì ń kà á fún wọn pẹ̀lú ohùn tó há, "Ẹ wà á! Ẹ wà á! Ẹ wà á!"

Inú ọkọ̀ náà ni wọ́n ti gba ọmọ náà. Ọmọbìnrin ni, irun kún orí rẹ̀. Wọ́n gbá a nídìí, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú, wọ́n dorí rẹ̀ kodò, wọ́n tún gbé e. Oríyọmí dúró nínú omi, ó ń retí igbe. Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn yọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Màmá Fẹ́yíntọlá pe Oríyọmí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó gba káàdì iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì bínú bó ṣe ń gbà á.

"Ìgbìmọ̀ máa jókòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. O rú òfin, màá sì sọ pé o rú u. Ẹni tí o gbé ń bẹ láàyè, èmi náà á sọ ìyẹn."

"Ẹ ṣeun, mà."

"Má dúpẹ́. Mi ò sùn lóru àná. Tí ẹnìkan bá ní kí n yàn láàárín ìyá yẹn àti ọmọ yẹn, mi ò mọ èwo ni ǹ bá yàn. Wọn ò sì bi ìwọ náà. O kàn ya ọkọ̀ sósì ni." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ohun kan kù. Ọkùnrin tó wà níwájú ọkọ̀ yẹn, ṣé ó rí i?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Ẹ̀rí èké lórí omi, ẹ̀wọ̀n ni. Wọ́n máa bi ọ́. Lọ ronú ohun tí o máa sọ."

Oríyọmí kò lọ sílé. Ó lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n kó àwọn ará Obè-Ìrètí sí. Lẹ́yìn gbọ̀ngàn náà, ó rí ọkùnrin kan lórí àpótí kékeré, tó ń fọ ìró nínú báfù. Ó ń fọ̀ ọ́ lọ́nà tí kò yẹ kí aṣọ fi yè.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣé ẹ̀yin ni Ẹ̀gbọ́n Tìmẹ́hìn?"

Ọkùnrin náà mọ ohùn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi ọṣẹ.

"Ẹ̀yin ni ẹ ń tù wá."

"Èmi ni, sà. Ẹ kú ìrọ́jú. Mo..."

"Ẹ má sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Gbogbo ẹni tó wá láti àárọ̀ ló ń sọ ọ́. Mo mọ̀ pé agbè ò fọ́. Agbè ọ̀hún wà nínú ilé yìí, ó kọjú sí ògiri, kò bá mi sọ̀rọ̀."

Oríyọmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.  Nígbà tó ṣe, ọkùnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọṣọ.

"Mọ̀lẹ́bí wa kankan ò sí níbí tó máa bá mi ṣe é," ó wí. "Wọ́n ní bàbá kì í fúnra rẹ̀ ṣe é. Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀ ọmọ ọ̀hún láàárọ̀ yìí."

"Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

"Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ẹ̀rọ yín yẹn, ṣé ó rí ìyá náà lóòótọ́?"

Oríyọmí lè purọ́ níbẹ̀. Ó wù ú láti purọ́.

"Kò rí i, sà. Ó rí nǹkan fìrí kan lẹ́ẹ̀kan, òjò sì bà á jẹ́. Gbogbo ìyókù, ó kàn rò ó ni."

"Ó kàn rò ó." Tìmẹ́hìn mi orí, ẹ̀rín kan tí kì í ṣe ẹ̀rín sì jáde nímú rẹ̀. "Èmi rí i, mà. Gèlè rẹ̀ gan-an, mo rí i, àwọ̀ ewé ni. Mo wò ó, mo wo abẹ́ ọ̀rá níbi tí ìyàwó mi wà, mo ní kò sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ yín ò rí i, ó ní ó wà. Èmi rí i, mo ní kò sí."

Obìnrin kan kọjá pẹ̀lú garawa lórí. Tìmẹ́hìn dúró kí ó wọlé tán.

"Tí ẹ ò bá yà," ó wí, "ṣé ọmọ mi ìbá yè?"

"Mo bi àwọn agbẹ̀bí. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀."

"Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn." Ó fún ìró náà, ó ń fún un, omi ti tán lára rẹ̀, ó ṣì ń fún un. "Ṣé ẹ máa sọ fún wọn pé mo purọ́?"

Láti orí òkè ni Oríyọmí ti ń wá ìdáhùn ìbéèrè náà. Ìgbà tó la ẹnu ló tó mọ̀ ọ́n.

"Òjò pọ̀ lójú yín, sà. Ohun tí màá sọ nìyẹn."

Tìmẹ́hìn kò dúpẹ́. Ó sá aṣọ náà sórí okùn, ó fa etí rẹ̀ gún régé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Níbo ni wọ́n tẹ́ ìyá náà sí?"

"Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, lápá ibi tí wọ́n ti ń pín ẹ̀kọ. Ìyá Ẹ̀gbẹ́yẹmí ni wọ́n ń pè wọ́n. Láti àná ni wọ́n ti ń sùn, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín fún wọn."

"Ẹ mú mi lọ."

Ìyá náà ti jí. Wọ́n ti gbé e jókòó, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e dé ọrùn, bí ọmọ tuntun. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú níbi tí gèlè ti jẹ ẹ́. Tìmẹ́hìn dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, kò sì dìde.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Dìde, dìde. Ta nìyí? Ojú mi ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó tẹ̀ síwájú. "Wọ́n ní ọkùnrin kan ló fà mí wọlé. Ṣé ìwọ ni?"

Tìmẹ́hìn wo Oríyọmí. Oríyọmí kò mọ ibi tí òun máa gbé ojú sí.

"Èmi ni, mà."

"Mú ọwọ́ wá."

Ó na ọwọ́. Ìyá náà gbà á mọ́ àárín ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kiri, ó ń tẹ ìka kọ̀ọ̀kan. Ọṣẹ kò tíì kó erùpẹ̀ tó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀ tán.

"Òun náà ni," ó wí. "Mo mọ̀ ọ́n. Bó o ṣe gbà mí lọ́wọ́ omi, ọmọ mi, Elédùmarè ò ní jẹ́ kí ilé rẹ ṣófo. Àwọn ọmọ rẹ á dàgbà lójú rẹ. O ò ní fi ọwọ́ yìí sin ọmọ láyé."

Ó ń dúró de àmín. Ó gbé etí rẹ̀ kan sókè sí i, nítorí pé etí náà kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, kò sì fẹ́ kí àmín náà bọ́ sílẹ̀.

Ètè Tìmẹ́hìn mì lẹ́ẹ̀kan, kò sí ohùn. Ìyá náà rọra mi ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni ń ran ọmọdé létí.

"Àmín, mà," ó wí.